Kẹ́ẹ̀gì Kan Láti Odò Àbùmu

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyìn-Èkìtì, a kì í dá ohun tí ènìyàn bá gbé wá síbi ìkórè padà. Òfin tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa nìyẹn. Ìbáà ṣe adìyẹ olójú kan, ìbáà ṣe iṣu tí òkété ti jẹ lórí, tó bá ti dé orí tábìlì níwájú pẹpẹ, ó ti di ti Olúwa, gbàǹjo ni a ó sì lù ú. Òfin kejì kò tíì pé ogójì ọdún, àwọn olówó ló mú un wá láti Adó: ẹni tó bá ra nǹkan níbi gbàǹjo kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé bí ẹni tí ebi ń pa. Yóò dìde, yóò ká apá agbádá sórí èjìká, yóò ní, "Mo dá a padà fún Olúwa," a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì tún un tà. Mo ti rí iṣu kan rí tí a tà nígbà mẹ́sàn-án láàárín wákàtí kan. Ẹni tó gbìn ín kò jẹ ẹ́, ẹni mẹ́sàn-án tó rà á kò jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Olúwa kì í jẹ iṣu. Ilé fíkà ló sùn.

Òfin méjèèjì ti ń bá ara wọn gbé láìsí ìjà, títí di ìkórè ọdún tó kọjá, nígbà tí Monínúọlá gbé kẹ́ẹ̀gì wá.

Opó ni Monínúọlá. Ohun tó ní láyé kò ju àkùrọ̀ kan lọ, ebè mẹ́jọ gbọọrọ gbọọrọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un létí odò Àbùmu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko gbogbo ènìyàn bá ti gbẹ, tí ẹ̀fọ́ sì di ọ̀wọ́n, ìgbà náà ni tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tirẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, tí yóò dì wọ́n sínú agbọ̀n, tí yóò sì wọkọ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní Adó. Àkùrọ̀ yẹn ló sin ọkọ rẹ̀. Òun ló rán ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì títí tó fi jáde, èkejì sì ku ọdún kan péré kó jáde. Bí àkùrọ̀ bá kú, ọdún kan yẹn kú.

Orúkọ odò náà kò nílò alálàyé. A máa ń bẹ̀rẹ̀, a máa ń bù ú, a máa ń mu ún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ri àwọn Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ ìlú wa bọmi, kí a tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí di ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí Olóyè Bámgbóyè kọ́ ilé iṣẹ́ gàrí rẹ̀ sí òkè odò.

Ọmọ ìlú wa ni Olóyè, ṣùgbọ́n Adó ló ń gbé. Ó ní ọ́fíìsì alájà méjì ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó ní ìwé ẹ̀rí tó kún ògiri, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ti iléèwé tó lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fún ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mélòó kan lójúmọ́, omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ náà, omi funfun tó rùn, tó korò, ń gba inú páìpù kan lọ tààrà sínú Àbùmu. Ní ọdún kìíní, ẹja léfòó. Ní ọdún kejì, ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Ní ọdún kẹta, Monínúọlá bomi rin tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó dé ibẹ̀ ní àárọ̀, ewé wọn ti rọ bí ẹni pé ènìyàn da omi gbígbóná lé wọn lórí. Ní ọdún kẹrin, ebè méjì péré ló kù nínú mẹ́jọ tó ń hu nǹkan, àwọn méjèèjì náà kò sì lè dúró, ọmọ rẹ̀ kejì sì ti padà wálé láìsí owó ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n gàrí Olóyè dára o. Ó funfun, ó yan, ó ń wuni. Ní Ọjà Ọba, kóńgò rẹ̀ fi owó tó nítumọ̀ dín sí ti ẹlòmíràn, gbogbo wa ló sì ń rà á, mi ò ní purọ́ pé ọwọ́ mi mọ́. A ń yìn ín pé aláàánú ni. Ó sì yẹ kí ó bùn wá, torí kòtò tó yẹ kó gbẹ́ fún omi ẹ̀gẹ́ náà, kò gbẹ́ ẹ. Ohun tí ì bá ná sórí kòtò ló ń bù sí kóńgò fún wa. Monínúọlá ló ń san ìyókù, a kò kàn rí i níbi tó ti ń san án ni.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nípa odò, Olóyè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún ìlú. Ó ri patákó mọ́ ọn, àwòrán ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ga ju ẹ̀rọ náà lọ ní ìlọ́po méjì, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa bí a ti ń to garawa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé ni wọ́n ń ṣí i. Ẹgbẹ́ kan ní Adó tìtorí rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n kọ ọ́ sára díńgí pé ó mọ ojúṣe rẹ̀ sí àwùjọ. Mo wà níbi àpèjẹ náà. Wọ́n fi gàrí ṣe ẹ̀bùn fún àlejò.

Ìgbà tí Monínúọlá rí i pé garawa ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè bomi rin ebè mẹ́jọ, ó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Adébáyọ̀. Olóyè kò sí nílé, tàbí kó jẹ́ pé bí wọ́n ti ní kí wọ́n wí nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dùnmínínú ló gbà á lálejò, ọmọ dáadáa, ó ka ìwé, ó so táì. Ó fún un ní àga, ó fún un ní omi inú ike, ó sì fara balẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ra gàrí wa tí kò dára ni?"

"Rárá o."

"Àbí ẹ ta ẹ̀gẹ́ fún wa, a ò sanwó?"

"Ẹ̀fọ́ ni mo ń gbìn, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ wá rí i báyìí. Inú àwọn tó ń tà fún wa dùn, inú àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa dùn. Ẹ̀yin ò sí nínú méjèèjì. Tọ́ọ̀dì pátì ni yín, mà."

Kò sí ẹni tó ti gun ọ̀kadà rí láti Ìyìn lọ sí Adó tí kò mọ tọ́ọ̀dì pátì. Ìwé adójútòfò tí ọlọ́pàá máa ń bèèrè lójú ọ̀nà ni. Ọkàn Monínúọlá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ tìyẹn ni, òun ní in nílé, òun á mú un wá. Dùnmínínú rò pé ó ń ṣàwàdà, ó bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó padà dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá. Ó mú tọ́ọ̀dì pátì ọ̀kadà olóògbé ọkọ rẹ̀ jáde, èyí tó ń tún ṣe lọ́dọọdún nítorí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà náà báyìí. Ó mú fọ́tókọ́pì rẹ̀ méjì jáde, ó tún mú fọ́tò pélébé mẹ́rin ti ara rẹ̀ sí i, torí kò sí ọ́fíìsì tí kì í bèèrè fọ́tò. Dùnmínínú pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín débi pé ó jáde síta. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù tí àwọn tó kàwé máa ń ní fún ìyá ọlọ́mọ, pé ẹni tí kò rà tí kò tà ni àwọn ń pè bẹ́ẹ̀, pé kò sí ohun tó pa ilé iṣẹ́ àti ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Monínúọlá ká àwọn ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bí ọ̀kadà bá kọlù mí, tí n kò gùn ún, tí n kò wà á, ìwé yìí ní kí wọ́n tọ́jú mi. Gàrí ló kọlù mí. Ìwé tiyín dà?"

Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, ohun kan náà ló sì ń bèèrè nínú gbogbo rẹ̀: kí wọ́n gbẹ́ kòtò kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ìdáhùn, wọ́n fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí i. Oṣù méjìlá, àwòrán Olóyè méjìlá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkórè dé, a sì fi Olóyè Bámgbóyè ṣe alága, nítorí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò. Lọ́dọọdún, agbọ̀n ṣọkọ kan ni Monínúọlá máa ń gbé wá. Lọ́dún náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ó gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè kan lọ sí ẹnu páìpù, ó pọn ún kún, ó dé e pinpin, ó so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, oòrùn sì pa á látìgbà tí a ti kọ orin àkọ́kọ́ títí tí fíkà fi parí ìwàásù, ìyẹn kì í ṣe ìgbà díẹ̀.

Tísà Olúwọlé ló máa ń lu gbàǹjo fún wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Bàbá Ìdòwú ló sì máa ń gbé ẹrù. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń lu aago, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí a bá ta nǹkan, yóò gbé e lọ síwájú ẹni tó rà á kí wọ́n lè ya fọ́tò, bí ẹni náà bá sì ti dá a padà fún Olúwa, yóò gbé e padà sórí tábìlì. Kì í rà, kì í tà. Bí a bá ní kó sinmi, á ní, "Uṣẹ́ kì í pa'ni."

Nígbà tó kan kẹ́ẹ̀gì náà, Tísà bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Monínúọlá dìde láàárín àwọn ìyá, ó ní omi Àbùmu ni. Ó jókòó. Mo rò pé Tísà ń wá ohun tí yóò fi ta omi, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Ó ké pé, àwọn ọmọ ìyá òun, omi tí wọ́n fi ri àwọn baba ńlá wa bọmi nìyí, ta ni yóò jókòó tí ẹlòmíràn yóò gba ìbùkún ilé rẹ̀ lọ? Ilé pariwo. Olóyè ń fi ìka tẹ fóònù, ó na ọwọ́ sókè láìgbójú sókè, ó ní ogún ẹgbẹ̀rún. Alága ló ń ṣí gbàǹjo.

Bàbá Ìdòwú gbé e lọ. Wọ́n ya fọ́tò. Olóyè dá a padà fún Olúwa. Ọ̀gá àgbà kan tó fẹ̀yìn tì ní Adó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e, wọ́n ya fọ́tò, ó dá a padà. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì gbà á, ó dá a padà. Ìyá Ìjọ rà á ní orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní òkè òkun, ó bá wọn dá a padà. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí orúkọ òun kan omi náà, kò sí ẹnì kan tó fẹ́ gbé e lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, Bàbá Ìdòwú ti ń mí hẹlẹ. Ó wí fún Tísà jẹ́jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì yìí ń wú o. Tísà ní kó má ṣe da ìbùkún rú.

Ìgbà yẹn ni Monínúọlá tún dìde. Ó kúnlẹ̀ kí alága, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ni òun ní. Orúkọ odò náà ni Àbùmu. Kí alága bá wa ṣí i, kí wọ́n bù ú, kí wọ́n mu ún, kí gbogbo ìjọ lè rí ìbùkún náà.

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin pé kí alága bù mu. Olóyè gbójú kúrò lára fóònù nígbà àkọ́kọ́. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Monínúọlá, mo sì rí i pé ó mọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ń mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́rin.

Ó ní òun wà nínú ààwẹ̀.

Mọ́ínmọ́ín mẹ́ta ló jẹ ní yàrá fíkà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo gbé abọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá alága jiyàn lọ́jọ́ ìkórè? Tísà tètè mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn, ó ní kí Bàbá Ìdòwú gbé e bọ̀ kí a tún un tà. Bàbá fi apá méjèèjì gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ìdérí sì fò.

Ó dún bí ìbọn. Omi funfun náà ru gùdù, ó bo ojú Bàbá Ìdòwú, ó bo aṣọ funfun kan ṣoṣo tó fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣàn lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa tuntun tí a tẹ́ ní oṣù tó ṣáájú. Òórùn náà gba gbogbo ilé. Ẹ̀kán kan kò ta sí agbádá Olóyè.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwa ìjọ ṣe. Àwọn ìyá mẹ́rin sáré lọ sídìí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn alàgbà ń kígbe pé kí wọ́n ká a, kí wọ́n ká a. Ẹnì kan ń bèèrè ta ni yóò san owó rẹ̀. Bàbá Ìdòwú wà lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Monínúọlá nìkan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, tó ń fi omi inú ike àti ìborùn rẹ̀ nu ojú náà.

Olóyè dìde. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó gbé irú nǹkan báyìí wọ ilé Ọlọ́run. Tísà Olúwọlé ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó rà.

"Òótọ́ ni Tísà sọ," Monínúọlá dáhùn láti ilẹ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. "Ẹni tó tà kò jẹ̀bi, ẹni tó rà kò jẹ̀bi. Bàbá Ìdòwú kò rà, wọn ò tà. Tọ́ọ̀dì pátì ni wọ́n. Olóyè, mo tún ń bèèrè o: ìwé tiyín dà?"

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó ń sọ. Dùnmínínú, tó dúró lẹ́yìn alága pẹ̀lú báàgì rẹ̀, mọ̀ ọ́n. Ó wolẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

A fọ kápẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú ọṣẹ, a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, a sá a. Òórùn kò lọ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta la fi ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn iléèwé. Nígbà yẹn ni ìjọ tó wá bínú. Àwọn ìyá wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà lọ bá fíkà, àwọn alàgbà fi ọkọ̀ méjì dé Adébáyọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń ti ilé iṣẹ́ náà jáde kò gbọdọ̀ tún dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. A kò bínú fún ẹja. A kò bínú fún ẹ̀fọ́ opó. Kápẹ́ẹ̀tì la bínú fún.

Kí Kérésìmesì tó dé, Olóyè ti gbẹ́ kòtò. Kòtò mẹ́ta ni, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, ó dára. Ó wá pe ìlú kí wọ́n wá bá òun ṣí i. Wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù sẹ́nu kòtò, wọ́n ri patákó mọ́ ọn pé ẹ̀bùn Olóyè Bámgbóyè ni fún àwọn ará Ìyìn, àwòrán rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí omi ẹ̀gẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ti Adó tún ti ń ṣètò àmì ẹ̀yẹ mìíràn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Monínúọlá pé kó wá dúpẹ́ ní orúkọ àwọn àgbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ń ro oko.

Ojú òsì Bàbá Ìdòwú kò padà bọ̀ sípò. Ó ṣì ń lu aago. Kò sí ẹni tó fún un ní díńgí. Ẹni tó ń ra oògùn tí wọ́n ń kán sí ojú náà ni Monínúọlá, nínú owó ẹ̀fọ́.

Ẹ̀fọ́ ti wà. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀lọ́ ti ń dún lálẹ́, ebè márùn-ún ti hù, ọmọ rẹ̀ sì ti padà sílé ìwé. Ṣùgbọ́n kòtò mẹ́ta kì í ṣe ọ̀fẹ́, kóńgò gàrí Olóyè sì ti gbówó lórí díẹ̀. Mo wà ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ kan, mo dúró ti àtẹ Monínúọlá, nígbà tí ìyáàfin kan bẹ̀rẹ̀ síwájú tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n lójú. Bó ti ń ṣa ìdì tó tóbi jù lọ ló ń ráhùn pé ayé ti bàjẹ́, pé gàrí náà kò ṣeé rà mọ́. Wọ́n ní obìnrin kan ní Ìyìn ló fà á, tó lọ da omi sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìlara.

Ó ní, "Olúwa á san án fún un."

Monínúọlá fi okùn di ẹ̀fọ́ náà, ó gé okùn náà pẹ̀lú eyín.

"Ó ti ń san án fún un, ìyáàfin," ó ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn wà lára rẹ̀."

Ìyáàfin náà kò gbọ́ ohun tó sọ, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ gbọ́. Ó na báàgì, ó ní kó fi ènì sí i.

Láti ọdún tí mo ti ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Monínúọlá, n kò rí i kó fi ènì du oníbàárà rí. Ó wo báàgì tó ṣí sílẹ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà ó gba owó rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.